Ọjọ́ Tí Mo Bẹ Ọlọ́run Kí Ọkọ Mi Má Gbọ́ Ohùn Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí mi, agbẹ̀bí kò tíì gbé mi sókè tí mo ti ń bá a jà. Gbogbo agboolé wa ní Bẹ́yẹrúǹkà ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí mo bá yọjú lójú fèrèsé tí mo pe àwọn ìbejì mi, ọmọ ọlọ́mọ náà á sáré wálé. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ọjọ́ kan wà tí mo dúró níwájú maikirofóònù, tí mo ń fi gbogbo agbára mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kó má gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, lọkọ mi ń ṣe. Lójú ọ̀nà Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, a sì jọ ń ṣe é ni. Òun ló ń to inú ẹ̀rọ, èmi ni mò ń wé wáyà tíránsífọ́mà tó ń fún un níná, èmi náà ni mò ń kun àpótí. Àwọ̀ ewé ni mo máa ń kùn ún, kí èèyàn lè rí i lókèèrè kó mọ̀ pé iṣẹ́ wa ni. Àwọn kan a máa sọ pé ọkùnrin ló niṣẹ́, pé obìnrin kàn ń bá a mú nǹkan dání ni. Mi ò dá irú wọn lóhùn rí. Tíránsífọ́mà tí wọn ò bá wé dáadáa, kò wúlò ju kéèyàn fi ti ilẹ̀kùn lọ.

Bí ẹ̀rọ bá parí, a kì í gbé e fún oníbàárà lọ́jọ́ náà. Ó ní bí a ṣe ń dán an wò. Ọkọ mi á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, á tan ẹ̀rọ, á máa sọ̀rọ̀ sí i. Èmi á gbé rédíò kékeré oníbátìrì kọ́ apá, mà á máa rìn. Mà á gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọ àárín àwọn agboolé, mà á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, mà á máa yí rédíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá gbọ́ tí ó ń kùn, tàbí tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi níbi tí kò yẹ kó wà, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń jò nìyẹn. Mo tún máa ń yà nílé àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n láti wò ó bóyá àwòrán wọn ń gbọ̀n. Wọ́n a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń mú rédíò rìn ni, àbí rédíò ló ń mú yín rìn?" Mà á ní ẹ̀rọ tó ń da ti ẹlòmíì láàmú kò yàtọ̀ sí aládùúgbò tó ń da omi ìdọ̀tí síwájú ilé onílé, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n wá máa bú wa nítorí omi ìdọ̀tí.

Mọ́sáláṣí àdúgbò wa lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́sáláṣí náà kéré. Àwọn ọkùnrin ló ń kún inú rẹ̀, àwọn obìnrin a sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní òdìkejì títì. Wọ́n ta wáyà kọjá lókè títì kí àwọn obìnrin lè gbọ́ wáàsí, àmọ́ gbogbo ìgbà ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ru pákó ń já wáyà náà. Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó wọlé, alága mọ́sáláṣí, Alájì kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba, wá bá ọkọ mi pé àwọn ò fẹ́ wáyà mọ́. Ọkọ mi wá ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó ra wáyálẹ̀ẹ̀sì kékeré kan tó ti òkè òkun wá, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ, ó tò ó mọ́ inú ampilifáyà. Bí lémọ̀ọ́mù bá ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́sáláṣí, wáyálẹ̀ẹ̀sì inú àpótí yìí á gbé ohùn rẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́ lọ bá gbohùngbohùn àwọn obìnrin.

Mo bi í pé ṣé kò ní í dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti dán wáyálẹ̀ẹ̀sì yìí wò lọ́hùn-ún kí wọ́n tó tà á. Ampilifáyà tiwa náà, ìwọ fúnra ẹ lo máa ń dán an wò. Kí ló tún kù?"

Mo ní, "Àkùkọ méjì tí ò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ẹ kó wọn sínú àgò kan, ẹ ó rí ohun tó kù."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbọ́ràn. Ó fi irin pín inú àpótí náà sí yàrá méjì, ó fi ampilifáyà sí ọ̀kan, ó fi wáyálẹ̀ẹ̀sì sí èkejì. Ó tún ṣe ìdérí irin tó nípọn, ó fi súkúrù dè é mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kun ìdérí náà láwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni mo gbé rédíò mi, mo rìn dé Ọ̀rányàn, mo rìn dé Àrẹ̀mọ, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mi ò gbọ́ nǹkankan tó burú. Ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní. Mo fọwọ́ sí i kí wọ́n gbé e lọ.

Ààwẹ̀ ti rìn jìnnà nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi dé ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe wáàsí lórí wáyálẹ̀ẹ̀sì ìjọba?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé, láti bí ọjọ́ mélòó kan, bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọlọ́pàá bá ń fi wáyálẹ̀ẹ̀sì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohùn lémọ̀ọ́mù wa á já wọlé, á máa kìlọ̀ iná ọ̀run fún wọn. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Mo wo ojú ọ̀gá yẹn, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ń wọ wáyálẹ̀ẹ̀sì ìjọba ológun, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá Kùránì ló ń kà.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà ní mọ́sáláṣí, tòun ti aṣọ funfun tí àwọn ìyá mọ́sáláṣí rán láti fi bò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: kò sí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n tí a kì í da aṣọ bò nílé wa. Wọ́n gbé ọkọ mi tẹ̀lé ẹ̀rọ. Kò bá wọn jà. Ó kàn wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Ìbejì, pa áyọ̀nù tí mo fi ń lẹ wáyà yẹn, kó má jó tábìlì." Èmi ń wò ó bí wọ́n ṣe ń tì í wọnú ọkọ̀, ó sì ń ronú tábìlì.

Mo tẹ̀lé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó jìnnà sí Bẹ́yẹrúǹkà, òkè Mapo àti ariwo ọjà ló wà láàárín. Ọ̀gá wọn kò rorò, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó sọ ọ́ láìfi bò: "Ìyá, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ lè ṣe àṣìṣe. Ẹnjiníà ìjọba ń bọ̀ láti Agodi lọ́la. Tó bá ní ẹ̀rọ yín ò ní àbùkù, àṣìṣe ni, ọkọ yín á máa lọ sílé. Tó bá ní ẹ̀rọ yín ló ń wọ orí ìkànnì wa, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, àwọn sójà á wá mú un."

Mo délé, mo ṣe bí ẹni tí kò sí nǹkan kan, mo fún àwọn ọmọ lóúnjẹ. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹnjiníà tó dé lọ́jọ́ kejì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ padà sí mọ́sáláṣí, síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, kí wọ́n má ṣe tún nǹkankan ṣe lára rẹ̀. "Bí ẹ ṣe ń lò ó ni mo fẹ́ wò ó," ló wí. "Ẹ̀rọ lè gbọ́n lórí tábìlì kó sì ya wèrè nílé ẹni tó rà á." Ó fi akọ̀wé rẹ̀ kan sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú alùpùpù, kó jókòó ti wáyálẹ̀ẹ̀sì wọn. Ó wá béèrè ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sí maikirofóònù. Ó ní òun ò fẹ́ ohùn ọkùnrin. Wáyálẹ̀ẹ̀sì àwọn ọlọ́pàá kún fún ohùn ọkùnrin, wọn ò sì ní í mọ èyí tó jẹ́ ti mọ́sáláṣí. Obìnrin ló yẹ kó sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ọkọ mi mọ ohùn rẹ̀ dájú, torí wọn yóò mú òun náà jókòó níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ohùn obìnrin ò jáde rí láti orí mọ́sáláṣí yẹn. Lémọ̀ọ́mù wa ló wá ní, "Ẹ fa maikirofóònù náà síta sí ìloro. Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀."

Mo bọ́ síwájú maikirofóònù. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, èmi nì yí o. Ara àwọn ọmọ le. Mo ti gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí ẹ máa fi ṣínu fún àbúrò yín, ó ń gbé e bọ̀." Gbohùngbohùn orí mọ́sáláṣí ń gbé e jáde. Ẹnjiníà ní kí n máa bá a lọ. Mo sọ ti oòrùn tó ń mú, mo sọ pé mo pa áyọ̀nù.

Akọ̀wé náà gun alùpùpù rẹ̀ dé. Kò sọ̀ kalẹ̀ tán tí mo ti rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n gbọ́ yín kedere. Ọkọ yín ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún mọ́ínmọ́ín."

Mo jókòó sórí òkúta lẹ́nu ìloro. Mo ti fi ẹnu ara mi so okùn mọ́ ọrùn ọkọ mi, òun sì ń dúpẹ́. Mo ní kò lè ṣeé ṣe, mo ní èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mi rìn dé Àrẹ̀mọ, mo ní ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹnjiníà náà jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mo gbà yín gbọ́, mà. Tó bá mọ́ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín, tó sì dọ̀tí nísinsìnyí, nǹkan kan ti yí padà láàárín ibẹ̀ síbí. Ẹ wá a. Mi ò ní í padà sí Agodi títí wọn ó fi kírun Àyìlà ọ̀sán tán."

Mo yí mọ́sáláṣí náà ká. Mo wo iná tí ẹ̀rọ ń lò, mo wo gbohùngbohùn àwọn obìnrin lódìkejì títì, mo tọ wáyà dé orí òrùlé. Aṣọ funfun ṣì bo ẹ̀rọ, wọ́n ti ní a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó yí padà. Oòrùn ń pa mí, ààwẹ̀ ń gbẹ mí lọ́fun, ojú mi sì ti wú fún ẹkún. Mo ní kí n lọ fi omi bọ́jú. Àmù omi àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lábẹ́ igi. Mo na ọwọ́ sí ìdérí àmù náà kí n ṣí i.

Ìdérí náà wúwo. Àwọ̀ ewé ni. Ihò súkúrù wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ké. Gbogbo mọ́sáláṣí sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni. Ladáàní, bàbá arúgbó jẹ́jẹ́ tó ń pe ìrun láti kékeré mi, jáde tẹ̀lé wọn. Ó ní, "Kí ló dé, ọmọ mi? Àbí omi ti tán ni?"

Mo kúnlẹ̀ fún un torí àgbà ni, mo sì ń jágbe mọ́ ọn lórí ìkúnlẹ̀ náà. "Bàbá, ta ló tú ìdérí ẹ̀rọ wa?"

Kò yà á lẹ́nu rárá. "Èmi ni. Ara ẹ̀rọ yẹn ń gbóná, ó ń ṣe mí láàánú. Mo ní kó máa gba atẹ́gùn díẹ̀. Ewé sì ń já sínú omi àlùwàlá, adìyẹ ń fẹnu sí i. Mo rí i pé irin tó dáa ni, mo ní kí a má fi ṣòfò. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ padà, mi ò kúkú fi í sílẹ̀ níhòòhò."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni, ì bá gbọ́ tẹnu mi. Àmọ́ bàbá náà ti ṣàánú ẹ̀rọ, ó ti ṣàánú omi, gbogbo ayé ló ti ṣàánú àfi ọkọ mi. Ẹnjiníà gba ìdérí náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní, "Ilé tí ampilifáyà àti wáyálẹ̀ẹ̀sì jọ ń gbé ò ní òrùlé, mà. Kò sí bí ariwo tọkọtaya inú ẹ̀ ò ṣe ní í dé ìta." Ó gun ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá pé kó fún òun láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i, bí ohùn mi ò bá wọlé mọ́, ọkọ mi ò jẹ̀bi. Ọ̀gá náà gbà, ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni o.

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù lọ mú súkúrù. Mo nu omi kúrò lára ìdérí, mo fi aṣọ gbẹ etí rẹ̀ yí po, mo dè é. Mo dè é débi tí irin ń ké. Ladáàní ń wò mí, ó ní, "Ooru á mú un o." Mo ní, "Kó mú un, Bàbá."

Ìrun Àyìlà parí. Èrò ti kún títì. Akọ̀wé ti padà sí àgọ́. Ẹnjiníà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ títí alùpùpù yóò fi dé, kí n má ṣe dákẹ́ rárá.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ení, èjì, ẹ̀ta. Mo kà á títí. Bí mo ṣe ń kà á, mo ń rò ó pé ọkọ mi náà jókòó lọ́hùn-ún, ó dẹ etí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ohun tí mo máa ń bá a jà lé lórí jù ni pé kì í gbọ́ mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Bó bá ti ki orí bọ inú ẹ̀rọ, mo lè kígbe títí. Ọjọ́ yẹn, mo ní, Olúwa, ẹ jẹ́ kó dití.

Òǹkà tán mọ́ mi lẹ́nu. Alùpùpù kò dé. Ẹnjiníà ń fọwọ́ ṣe pé kí n máa bá a lọ. Kò sí ohun mìíràn lẹ́nu mi mọ́ àfi òótọ́.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, mi ò sùn lánàá. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí ẹ máa ń sùn sí, mo gbé ìrọ̀rí síbẹ̀, mo bú ìrọ̀rí náà títí, kò dá mi lóhùn, mo wá rí i pé kò yàtọ̀ sí yín." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín ní títì. Mo tún ní, "Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyá mi ló ní kí n fẹ́ yín. Irọ́ ni. Èmi ni mo rí yín. Ẹ ń tún rédíò bàbá mi ṣe, ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ, mo ní ọkùnrin yìí, kò ní í fìyà jẹ mí. Ẹ ò sì fìyà jẹ mí rí. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí torí pé mo ní ìgbéraga. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ àtíbàbà ń fi ìbòrí nu ojú. Ọ̀rọ̀ mi ti dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo èèyàn ní Bẹ́yẹrúǹkà, ó ti dé etí ìyá ọkọ mi níbi tó ti ń gún ata. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù.

Akọ̀wé náà kò tilẹ̀ pa alùpùpù rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò gbọ́ nǹkankan! A sún mọ́ wáyálẹ̀ẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa fẹ́ẹ́ wọnú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ọkọ yín fi Kùránì búra pé òun ò gbọ́ ìyàwó òun, ó sì búra."

Ẹnjiníà pa ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí náà, ó yára gbé ọwọ́ kúrò, irin náà ti gbóná. Ó sọ fún ladáàní pé kó wá nǹkan mìíràn bo àmù.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀. Mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, a jọ ń rìn bọ̀ wálé. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé bí a ṣe ń sún mọ́ àdúgbò ló ń wò wá, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ o. Ìrọ̀rí ń kí yín." Kò yé e. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ, kí ni mo sọ lórí maikirofóònù tí gbogbo ayé fi ń wo òun báyìí.

Ojú tì mí, inú sì bí mi pé ojú ń tì mí. Mo ní, "Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó dáa jù tí mo sọ láyé mi ni. Gbogbo Bẹ́yẹrúǹkà ló gbọ́ ọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́."

Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó di ọwọ́ mi mú, ohun tí kì í ṣe níta. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ká ní mo gbọ́ ọ ni, mi ò ní í sí níbí."

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo fa etí rẹ̀ mọ́ra, mo sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́.